Ẹ Gba Àìsàn Yín Padà

Ojúlé Kẹsàn-án,
Àdúgbò Àgídìngbì,
Ìkẹjà.
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ karùn-ún oṣù Kẹjọ, ọdún 1958.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Tí Ń Gbọ́ Ẹ̀sùn lórí Ìwé Ìrìnnà,
Ìkẹjà.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀SÙN LÓRÍ ÀÌSÀN TÍ Ọ́FÍÌSÌ YÍN KỌ SÍ ORÚKỌ MI, ÀTI Ẹ̀BẸ̀ PÉ KÍ Ẹ FÚN MI NÍ ÌWÉ ÌRÌNNÀ KÍ ỌJỌ́ TÓ LỌ

1. "A kò rí ìdí tí ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá yóò fi wọ ọkọ̀ òfurufú lọ jókòó létí òkun ní ilẹ̀ òkèèrè, nígbà tí òkun wà ní Èkó. Láti ran olùbéèrè lọ́wọ́, a ti pa 'Ìsinmi' rẹ́, a sì ti fi 'Àìsàn' rọ́pò rẹ̀." Báyìí ni Ọ̀gbẹ́ni Làsísì Dàwódù, akọ̀wé àgbà ní ọ́fíìsì ìwé ìrìnnà tí ó wà lábẹ́ yín, ṣe kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ fọ́ọ̀mù mi ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Keje, pẹ̀lú tàdáwà pupa. N kò fi kún un, n kò sì yọ kúrò níbẹ̀. Ó tún fọwọ́ sí i.

2. Ó yẹ kí ẹ mọ ẹni tí a ràn lọ́wọ́. Èmi ni Olùyẹ̀wò Àgbà ní ilé-iṣẹ́ kan tí ń ṣe abọ́ tánńganran lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà reluwé ní Ìkẹjà. Ilé-ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe kan ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù ni mo ti fi ọdún mẹ́ta kọ́ iṣẹ́ náà. Ohun tí mo ń ṣe lójoojúmọ́ ni pé kí n gbé abọ́ sókè sí ìmọ́lẹ̀, kí n sì sọ bóyá ó ní àlébù tàbí kò ní. Láti ọdún mẹ́rin tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, n kò tíì kọ "ó ti sán" sí ìdí abọ́ tí kò sán, nítorí kí n lè ràn án lọ́wọ́ dé ọjà.

3. Ìrìn-àjò tí mo fẹ́ lọ kò ní àdììtú kankan nínú. Ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, èmi àti Rachael, ọmọ ilẹ̀ Jàmáíkà, ni a jọ gbé yàrá kan, tí a sì jọ gbọ̀n nínú òtútù ọdún mẹ́ta. Ìyá rẹ̀ ní ilé àlejò oníyàrá méjìlá kan létí òkun, lórí iyanrìn funfun, ní ìlú Mọntégò Bè ní erékùṣù náà. Ní ọjọ́ tí a pínyà, a ṣe àdéhùn pé ẹni nínú wa tí ó bá kọ́kọ́ rí ọjọ́ mọ́kànlélógún tí kì í ṣe ti ẹlòmíràn ni yóò lọ kí ẹnìkejì. Láti oṣù Kejì ọdún yìí ni mo ti ń ṣètò rẹ̀. Mo ti kọ wákàtí gbogbo sínú ìwé kékeré kan: Ìkẹjà sí Kánò, Kánò sí Lọ́ńdọ́ọ̀nù, Lọ́ńdọ́ọ̀nù sí Niu Yọ́ọ̀kì, Niu Yọ́ọ̀kì sí Jàmáíkà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti gbé àpótí mi lé òṣùwọ̀n ilé-iṣẹ́ wa. Pọ́ùn mẹ́rìnlélógójì ni ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú gbà fún ẹrù èrò kọ̀ọ̀kan. Tèmi jẹ́ mọ́kànlélógójì. Pọ́ùn mẹ́ta tí ó ṣẹ́kù wà fún abọ́ méjì tí n ó mú lọ fún ìyá Rachael. Àwọn abọ́ náà kò ní àlébù.

4. Ẹ lè béèrè ìdí tí ó fi jẹ́ ọdún yìí gan-an. Ìsinmi ọdún kìíní mi lẹ́nu iṣẹ́ ni mo fi sin bàbá mi ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Ti ọdún kejì, àbúrò mi obìnrin bímọ, èmi ni mo sì lọ ń wẹ ọmọ. Ti ọdún kẹta, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún ìyá mi, mo sì jókòó tì í ní ilé ìwòsàn títí ọjọ́ mi fi pé. Ní ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sí ẹni tí ó bi mí ní ìdí. Ti ọdún kẹrin yìí nìkan ni mo béèrè fún ara mi. Òfin ilé-iṣẹ́ wa sì sọ pé ìsinmi tí òṣìṣẹ́ kò bá bẹ̀rẹ̀ kí oṣù Kẹjọ tó parí ti kú nìyẹn, a kì í jí i. Ọkọ̀ òfurufú mi yóò gbéra ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù yìí.

5. Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹfà ni mo mú fọ́ọ̀mù mi wá. Lábẹ́ "Ìdí Ìrìn-àjò", ọ̀rọ̀ mẹ́rin ni a tẹ̀ síbẹ̀: Ẹ̀kọ́, Òwò, Ìrìn-àjò Mímọ́, Àìsàn. Ìlà karùn-ún wà lábẹ́ wọn, wọ́n pè é ní "Ìdí Mìíràn". Orí ìlà yìí ni mo kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sí: Ìsinmi. Bí ọ́fíìsì yín kò bá gbà pé ìdí mìíràn wà láyé, ìbá dára kí ó má fi ìlà sílẹ̀ fún un.

6. Wọ́n pè mí ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Keje. Mo kọ ohun tí a sọ sílẹ̀ kí n tó kúrò ní ọgbà yín. Ọ̀gbẹ́ni Dàwódù kọ́kọ́ bi mí pé, "Sìsí, ta ló kú níbẹ̀?" Mo ní kò sí ẹni tí ó kú. Ó ní, "Ẹ fẹ́ lọ ra ọjà, àbí?" Mo ní rárá. Ó wá rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀: "Àbí ọkọ lẹ rí síbẹ̀? Ẹ sọ fún mi, mi ò ní tú yín fó. Ká kúkú fi Òwò sí i." Mo dá a lóhùn pé n kò ní ọkọ níbẹ̀, àti pé n kò tíì gbọ́ ìgbà tí ọkọ di òwò. Ìyá àgbàlagbà kan tí ó wà lẹ́yìn mi lórí ìlà, ará Ògbómọ̀ṣọ́ tí ó wá gba ìwé Mẹ́kà, ló fọwọ́ kàn mí léjìká: "Ẹ jẹ́ kí wọ́n bá yín kọ àìsàn, ọmọ mi. Àìsàn ló yá jù. Ẹnikẹ́ni kì í bá àìsàn jiyàn." Gbogbo ìlà ṣe àmín. Mo sọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, pé n kò gbà. Ọ̀gbẹ́ni Dàwódù rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi bí ẹni tí ń tu ọmọdé nínú, ó sì mú tàdáwà pupa.

7. Ẹ̀dà fọ́ọ̀mù náà dé ọ̀dọ̀ máníjà wa láàárín ọ̀sẹ̀ kan náà, nítorí pé ọ́fíìsì yín máa ń fi tó ilé-iṣẹ́ létí bí òṣìṣẹ́ wọn bá ń ṣàìsàn. Ó ní kí n má ṣe sún mọ́ iléru mọ́. Ó tún sọ ìsinmi mi di ìsinmi aláìsàn, èyí tí òfin wa sọ pé a gbọ́dọ̀ lò láàárín máìlì márùn-ún sí ilé ìwòsàn ilé-iṣẹ́. Mo ti wo àwòrán ilẹ̀ ayé. Jàmáíkà kò sí láàárín máìlì márùn-ún sí Ìkẹjà.

8. Ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú náà, nígbà tí mo ṣàlàyé ohun tí ó wà lórí fọ́ọ̀mù mi, sọ pé àwọn kò lè gbé aláìsàn láìsí nọ́ọ̀sì tí yóò jókòó tì í. Ìdí tí ọ́fíìsì yín fún mi láti lọ ni ìdí tí wọn kò fi ní gbé mi.

9. Ọ̀gbẹ́ni Dàwódù àti àbúrò ìyá mi, Ìyá Fàúsát, jọ ń kírun Jímọ̀ ní mọ́ṣáláṣí kan náà ní Agége. Ó gbà wọ́n nímọ̀ràn níbẹ̀ pé kí wọ́n tọ́jú mi. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n wọ ilé mi pẹ̀lú àwọn ìyá ẹgbẹ́ àdúrà mẹ́ta àti àáfà kan, wọ́n gbé agbada kaná, wọ́n sì ń din àkàrà sàráà fún gbogbo Àgídìngbì. Ìyá Fàúsát ké pé, "Ìbílọlá, o ò sọ fún wa! Mo ti ní iná ibẹ̀ yẹn á wọ̀ ọ́ lára!" Mo ní ara mi le. Wọ́n yíjú sí àwọn tó kù, wọ́n ní, "Ẹ gbọ́? Aláìsàn gidi kì í jẹ́wọ́." Àkàrà náà kò ṣeé dá padà, a ti jẹ ẹ́, n kò sì fi ẹ̀sùn rẹ̀ kàn yín. Ṣùgbọ́n ìròyìn náà dé Ìjẹ̀bú-Igbó. Ìyá mi wọ ọkọ̀ akẹ́rù wá, wọ́n dì mọ́ mi lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n sì sunkún títí ilẹ̀ fi ṣú. Dókítà ojú ti kìlọ̀ fún wọn pé wọn kò gbọ́dọ̀ sunkún fún ọdún kan. Èyí nìkan ni n kò rí ohun tí mo lè fi ṣe ẹ̀rín nínú rẹ̀.

10. Mo lọ bá dókítà ilé-iṣẹ́ wa. Ó yẹ̀ mí wò láti orí dé ẹsẹ̀, ó sì kọ ìwé pé kò sí ohun tí ó ṣe mí. Mo mú ìwé náà lọ bá Ọ̀gbẹ́ni Dàwódù ní ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù Keje. Inú rẹ̀ dùn, n kò lè parọ́ mọ́ ọn. "Àlùhámúdùlílàhì! Sìsí, ara ti yá! A jẹ́ pé ẹ ò nílò ìrìn-àjò mọ́ nìyẹn." Ó ṣí fáìlì mi, ó sì fi tàdáwà pupa kan náà kọ ọ́ pé: "Àìsàn ti lọ. Ìdí ìrìn-àjò ti parí."

11. Nítorí náà, Ẹ̀yin Ọ̀gá, bí ara mi kò bá dá, n kò lè lọ. Bí ara mi bá dá, kò sí ìdí tí n ó fi lọ. N kò bẹ̀ yín pé kí ẹ fi ìyà jẹ Ọ̀gbẹ́ni Dàwódù. Inú rere ló fi ṣe gbogbo rẹ̀. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí ẹ gbà mí lọ́wọ́ inú rere náà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ pa "Àìsàn" rẹ́, kí ẹ dá "Ìsinmi" padà sí ìlà karùn-ún tí mo kọ ọ́ sí. Ẹ kọ̀wé sí máníjà wa pé n kò ṣàìsàn rí ní ọwọ́ yín. Ẹ kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ sí ìyá mi pẹ̀lú, kí ẹ fi òǹtẹ̀ yín tì í, nítorí pé òǹtẹ̀ ni wọ́n gbàgbọ́ ju ẹnu ọmọ wọn lọ báyìí. Kí ẹ sì fún mi ní ìwé ìrìnnà mi.

12. Mo dúpẹ́ pé ẹ ka ìwé yìí dé ibí. Bí ìdáhùn yín kò bá tẹ̀ mí lọ́wọ́ ní àkókò, n kò ní bá ẹnikẹ́ni jà. N ó gbé àpótí mi, pọ́ùn mọ́kànlélógójì, wá sí ọ́fíìsì yín, n ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà, n ó sì lo ọjọ́ mọ́kànlélógún mi níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, láti ìgbà tí ẹ bá ṣílẹ̀kùn títí di ìgbà tí ẹ bá tì í. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí ní ìdí, n ó sọ fún un pé ìsinmi ni. Lóòótọ́, bẹ́ǹṣì náà kò sí létí òkun, ṣùgbọ́n òkun wà ní Èkó. Mo ń retí ìdáhùn yín, pẹ̀lú òǹtẹ̀, kí ago méjìlá ọ̀sán tó lù ní Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàlá oṣù Kẹjọ, ọdún 1958.

Èmi ni tiyín, pẹ̀lú ara líle,

Ìbílọlá Ojúọlápé (Omidan),
Olùyẹ̀wò Àgbà.