Kọ̀ǹpútà Tí Màámi Fi Kíútẹ́ẹ̀sì Kọ Nọ́mbà Sí

Ọjọ́ Ajé, 3 Ẹrẹ́nà

Gbajúmọ̀ kú láàárọ̀ yìí. Kò ṣàìsàn, kò kígbe. Mo tẹ ibi tí wọ́n ń tẹ̀, ojú rẹ̀ dúdú, ó dákẹ́ lọ gbári. Mo pààrọ̀ ṣáájà. Mo pààrọ̀ ihò iná. Mo gbá a lẹ́yìn. Òfo.

Oṣù mẹ́rìnlá péré ni mo rà á! Ẹni tó tà á fún mi ní kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ tó ṣe é ni gbogbo ayé ń rà — ìdí nìyẹn tí mo fi sọ ọ́ ní Gbajúmọ̀. Ọ̀gbẹ́ni Ìṣirò, tí a jọ ń kọ́ni, ní kí n ra irú tòun, èyí tó nípọn bíi búrẹ́dì yẹn. Mo ní Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Tirẹ̀ ti pé ọdún mẹ́jọ, ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Mo mọ̀ pé yóò bi mí lọ́la.

N kò tíì kọ ohun tó ń já mi láyà. Ìwé àwọn ọmọ wà nínú rẹ̀. Ẹgbẹ̀ta àmì àti méjìlá — gbogbo àmì ọwọ́ tí àwọn ọmọ adití ilé-ẹ̀kọ́ wa fi ń bára wọn sọ̀rọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àwòrán àti àlàyé tirẹ̀. Iṣẹ́ ọdún mẹ́ta. Ẹgbẹ́ kan fẹ́ bá wa tẹ̀ ẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ atẹ̀wé lọ́jọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù yìí. Bó bá ti kọjá ọjọ́ yẹn, ó di ti ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn.

Ọgọ́rin nínú àmì yẹn, ọwọ́ Bàbá Géètì ló wà nínú àwòrán wọn. Adití ni Bàbá Géètì. Ogójì ọdún ni wọ́n fi ṣọ́ géètì wa, àwọn ni wọ́n sì kọ́ èmi gan-an ní èdè ọwọ́ nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Wọ́n kú lóṣù Ọ̀pẹ̀. Àwọn àmì kan wà níbẹ̀ tí kò sí ẹlòmíràn tó mọ̀ wọ́n.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4 Ẹrẹ́nà

Ọ̀gbẹ́ni Ìṣirò bi mí lóòótọ́. "Fúláàṣì tí ẹ̀dà ìwé náà wà ńkọ́?"

Fúláàṣì wà. Inú rẹ̀ ló ṣófo. Oṣù tó kọjá ni mo nù ún mọ́ kí n lè fi gbé ìbéèrè ìdánwò lọ fún ọ̀gá, torí òfin ilé-ẹ̀kọ́ ni pé ìbéèrè ìdánwò kò gbọdọ̀ bá nǹkan mìíràn gbé inú fúláàṣì kan náà. Ta ló dábàá òfin yẹn nípàdé? Èmi. Mo tún dìde dúró sọ ọ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi.

Ọ̀sán — mo pe nọ́mbà ìrànlọ́wọ́ àwọn tó ṣe Gbajúmọ̀. Orin. Obìnrin kan ń dá sí orin náà, ó ń sọ pé ìpè mi ṣe pàtàkì sí àwọn. Ìgbà méjìdínlógójì ló sọ ọ́, mo kà á. Nígbà tó yá ọmọkùnrin kan gbé e. Ohùn rẹ̀ dùn. Ó ní ẹ má bínú mà. Ó ní kí n pa á kí n tún un tàn. Mo ní kò tàn, kí ni n ó wá pa? Ó ní ẹ má bínú mà. Ó ní kí n wo ojú rẹ̀, pé àwòrán jíà kékeré kan wà lápá òsì nísàlẹ̀. Mo ní ojú rẹ̀ dúdú! Ó ní ẹ má bínú mà, kí n wá kọ fọ́ọ̀mù lórí ìkànnì àwọn, pé orí kọ̀ǹpútà ló ti máa ń yá jù.

Orúkọ tí mo sọ ọ́ ni Ẹ-má-bínú. Ì bá dára kí wọ́n kọ ọ́ sí ẹnu ọ̀nà ilé-iṣẹ́ wọn.

Ọjọ́rú, 5 Ẹrẹ́nà

Wọ́n ní àwọn ó pè mí padà. Wọn ò pè.

Ọjọ́bọ̀, 6 Ẹrẹ́nà

Mo gbàyè lọ́wọ́ ọ̀gá, mo gbé Gbajúmọ̀ lọ sí ọ́fíìsì wọn. Ilẹ̀ ń dán, àga ń rọ̀, kò sí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín lórí àga kankan. Nọ́mbà mọ́kànlélọ́gọ́ta ni wọ́n fún mi. Nọ́mbà kẹtàdínlógún ni wọ́n ń dá lóhùn. Mo ka gbogbo ìwé tó wà lára ògiri, ìlérí ni gbogbo wọn.

Nígbà tó kàn mí, arábìnrin orí káńtà dojú Gbajúmọ̀ délẹ̀. Ó pe ẹnì kejì rẹ̀. Wọ́n jọ ń wò ó bí ẹni rí ejò. Nọ́mbà pupa.

Iṣẹ́ Màámi ni. Kò sí ohun tó wọ ilé wa tí Màámi kì í kọ nọ́mbà fóònù wọn sí lábẹ́. Ìkòkò, abọ́, kúlà, àga oníke — kíútẹ́ẹ̀sì pupa tí àwọn ọmọge fi ń kun èékánná ni wọ́n fi ń kọ ọ́, nítorí àwọn tó ń yá nǹkan tí kì í rántí ilé tí wọ́n ti yá a. Ọjọ́ tí mo ra Gbajúmọ̀, kí n tó wẹ̀ tán, Màámi ti gbé e sórí ibùsùn, wọ́n ti kọ ọ́ gàdàgbà. Ẹ̀rín ni mo rín nígbà yẹn.

Arábìnrin náà ní gàrántì ti bàjẹ́. Ó ní mo ti pa ara ẹ̀rọ dà. Mo ní ṣé kíútẹ́ẹ̀sì ló ti abẹ́ wọlé lọ pa á ni? Ó ní òun kò sọ bẹ́ẹ̀ o, òfin ló sọ bẹ́ẹ̀. Mo wo ọwọ́ rẹ̀. Èékánná tirẹ̀ náà pupa, àwọ̀ kan náà gẹ́lẹ́.

Mo gbé Gbajúmọ̀ délé. Màámi ní, "O kúuṣẹ́ o, ṣé wọ́n ti gbà á?" N kò tilẹ̀ kí wọn. Mo ní ẹ wo ohun tí ẹ fi kíútẹ́ẹ̀sì yín ṣe fún mi. Mo ní ta ló ní kí ẹ kọ ọ́, ṣé ìkòkò ni? Mo sọ èyí tó burú jù wọ́n lọ tí n kò ní kọ síbí. Màámi ní, "Mo ti gbọ́." Wọ́n rọra dìde, wọ́n wọ yàrá.

Ọjọ́ Ẹtì, 7 Ẹrẹ́nà

Mo rí ìgò kíútẹ́ẹ̀sì náà nínú garawa ìdọ̀tí. Ó ṣì kù dé ìdajì. N kò yọ ọ́, n kò sì bẹ̀ wọ́n. Orí mi ṣì ń gbóná.

Ọjọ́ Ajé, 10 Ẹrẹ́nà

Ìpè. Orin. Ẹ-má-bínú. (Àbí òun nìkan ló wà níbẹ̀?) Ó ní ta ló sọ fún mi pé ọ̀dà ń ba gàrántì jẹ́? Mo ní ẹ̀yin. Ó ní àwọn kọ́ mà, ẹ̀ka mìíràn nìyẹn. Ó ní kí n gbé e padà lọ bá ẹ̀ka mìíràn náà kí n sọ pé ẹ̀ka tòun ló rán mi.

Wọ́n ń fi mí gbá bọ́ọ̀lù.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11 Ẹrẹ́nà

Wọ́n gbà á! Ẹlòmíràn ló wà lórí káńtà, èyí kò tilẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀. Mo fi lẹ́tà ńláńlá kọ ọ́ sórí fọ́ọ̀mù: Ẹ MÁ PA OHUN TÓ WÀ NÍNÚ RẸ̀ RẸ́. Mo fa ìlà sí i nídìí lẹ́ẹ̀mẹta. Ó béèrè páásíwọ́ọ̀dù, mo ní kò ní, àwọn ọmọ kíláàsì mi ló ń ṣí i ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú. Ó ní ọjọ́ mẹ́ta.

Ọjọ́rú, 12 Ẹrẹ́nà

Àwọn ọmọ ti wá àmì fún ọ̀rọ̀ Gbajúmọ̀. Wọ́n á fi ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tẹ afẹ́fẹ́, wọ́n á wá gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé àtẹ́lẹwọ́, ojú á dì. Kọ̀ǹpútà tó sùn. Ẹ̀rín pa mí. Mo ní ó yẹ kó wọnú ìwé — ni mo bá rántí pé kò sí ìwé.

Ọjọ́ Ẹtì, 14 Ẹrẹ́nà

Ọjọ́ mẹ́ta pé. Wọn ò pè.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15 Ẹrẹ́nà

Mo pè. Orin. Mo ti mọ orin náà sórí, mo bá ara mi níbi tí mo ti ń kọ ọ́ nídìí ọpọ́n ìfọṣọ. Ojú mi rí màbo.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18 Ẹrẹ́nà

Àtẹ̀jíṣẹ́ láàárọ̀: ìròyìn ayọ̀. Lọ́sàn-án, ọlọ́kadà kan gbé páálí wá sí ilé-ẹ̀kọ́. Ayọ̀ gbé mi, mo fi eyín já téèpù rẹ̀.

Kì í ṣe Gbajúmọ̀. Tuntun ni. Ó ń dán, ó ń rùn bíi bàtà tuntun, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Abẹ́ rẹ̀ mọ́ tónítóní.

Mo pè wọ́n. Ẹ-má-bínú ń ka nǹkan lójú ẹ̀rọ tirẹ̀, mo gbọ́ ọ nínú ohùn rẹ̀ pé ó ń kà á ni. Ó ní ti àtijọ́ ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Ó ní wọ́n ti fọ́ ọ túútúú kí àṣírí oníbàárà má bàa tú. Mo ní ohun tí mo kọ sórí fọ́ọ̀mù ńkọ́? Ó ní ẹ má bínú mà, òun kò rí i. Mo ní ṣé ó dá a lójú pé wọ́n ti fọ́ ọ. Ó ní ó dá òun lójú, ọjọ́ àti aago tí wọ́n fọ́ ọ wà níwájú òun. Ó wá bi mí bóyá nǹkan mìíràn wà tí òun lè bá mi ṣe lónìí.

Mo ti ilẹ̀kùn kíláàsì, mo sunkún. Ọwọ́ Bàbá Géètì. Mi ò lè dárí ji ara mi lórí fúláàṣì yẹn.

Ọjọ́bọ̀, 20 Ẹrẹ́nà

Mo sọ fún àwọn ọmọ. Ẹnikẹ́ni kò bínú, ìyẹn ló dùn mí jù. Wọ́n tò, wọ́n ká apá aṣọ sókè, wọ́n ní ká tún un yà. Ọ̀gbẹ́ni Ìṣirò gbé búrẹ́dì rẹ̀ kalẹ̀, ó ń fi fóònù rẹ̀ yà wọ́n. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ti múra ìjà sílẹ̀ lásán.

Ogójì àmì lónìí. Kò lè pé. Bó tilẹ̀ pé, ti Bàbá Géètì ńkọ́? A dé orí àmì òjò tó ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Ọmọ kan ní ọwọ́ ọ̀tún ló máa ń ṣáájú, èkejì ní òsì ni. Wọ́n yíjú sí mi. Mi ò rántí.

Ọjọ́ Àìkú, 23 Ẹrẹ́nà

Èmi àti Màámi: "Iyọ̀ dà?" "Òun nìyí." Odidi ọ̀rọ̀ tá a bára wa sọ lónìí nìyẹn. Abọ́ tuntun méjì wà lórí tábìlì láti àná. Mo yí wọn wò. Kò sí nǹkan kan lábẹ́ wọn.

Ó yẹ kí n bẹ̀ wọ́n. N kò mọ ibi tí n ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 25 Ẹrẹ́nà

Kíákíá ni mo ń kọ èyí, ẹ̀yin ojú-ìwé yìí ẹ fara dà á.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ́ bàtà, bíi aago mẹ́rin, fóònù Màámi dún. Mo gbọ́ tí Màámi ń sọ pé, "Kọ̀ǹpútà wo? Èmi kì í lo kọ̀ǹpútà o." Wọ́n tẹ́tí. "Bàbá wo? Bàbá tó dé fìlà?" Wọ́n tún tẹ́tí. "Ó ń na ìka sí ẹ?"

Mo gba fóònù náà lọ́wọ́ wọn, n kò tọrọ rẹ̀.

Aránṣọ ni obìnrin náà, òpópónà kejì sí ọ́fíìsì àwọn tó ṣe Gbajúmọ̀ ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. Láti oṣù kìn-ín-ní ló ti ń bá wọn fà á lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Àná ni wọ́n gbé èyí fún un, wọ́n ní tuntun ni, pé inú páálí ló ti jáde. Ó tàn án, ó rí àwòrán ọwọ́ tó kún inú rẹ̀ bámúbámú. Ó gbé e sórí tábìlì tó fi ń lọ aṣọ, ooru tú bébà funfun kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn nísàlẹ̀, ó rí nọ́mbà pupa. Ó ní, "Mo ní kí n pe onínǹkan kí n tó fọwọ́ kan nǹkan rẹ̀ mà."

Wọn ò fọ́ ọ, ńṣe ni wọ́n tún un ṣe fún ẹlòmíràn. Wọn ò fọ́ nǹkan kan!

Ọjọ́rú, 26 Ẹrẹ́nà

A lọ — èmi, Màámi, Ọ̀gbẹ́ni Ìṣirò àti fúláàṣì mẹ́rin. Mo gbé tuntun tí wọ́n fún mi, nínú páálí rẹ̀, fún aránṣọ, torí tuntun ni wọ́n ṣèlérí fún un. Ó gbé Gbajúmọ̀ fún mi. Ẹgbẹ̀ta àti méjìlá, gbogbo rẹ̀ pé, ọjọ́ méjì sì ṣì kù kó dé ọwọ́ atẹ̀wé. Mo wá òjò tó ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Bàbá Géètì wò mí láti inú àwòrán, ọwọ́ òsì ló ṣáájú.

A ṣì ń kó o sínú fúláàṣì kẹta ni Ẹ-má-bínú pè. Ó fẹ́ kí n fún iṣẹ́ àwọn ní máàkì, láti orí ení dé àrún. Mo ní kó kọ́kọ́ bá mi wo ibi tí kọ̀ǹpútà mi àtijọ́ wà. Ó wò ó. Ó ní wọ́n ti fọ́ ọ mà. Gbajúmọ̀ ń tàn lórí ẹsẹ̀ mi. Mo ní ó dáa, kó fi òdo sílẹ̀ bó bá wà níbẹ̀.

Mo ti ya ṣọ́ọ̀bù kan lọ́nà kí a tó débẹ̀, mo ra kíútẹ́ẹ̀sì pupa tuntun. Mo yọ ìgò kíútẹ́ẹ̀sì náà nínú báàgì, mo kúnlẹ̀ láàárín èérún aṣọ, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún Màámi. Gbogbo ohun tí mo ti tò sẹ́nu sá lọ. Mo kàn ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Màámi." Wọ́n wo ìgò náà títí. Wọ́n ní àwọ̀ yìí pupa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Wọ́n ní kí n dìde, pé èérún ń lẹ̀ mọ́ mi láṣọ.

Aránṣọ ò bi ẹnikẹ́ni léèrè ohunkóhun. Ó dojú kọ̀ǹpútà tuntun rẹ̀ délẹ̀ lórí tábìlì, ó nu abẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú etí aṣọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe nọ́mbà fóònù rẹ̀ fún Màámi, òǹkà kan lẹ́yìn òmíràn, kí wọ́n lè kọ ọ́ dáadáa.