Ayùn Tó Ń Dán

Ìyàwó mi àtàtà,

Èmi ìyá ọkọ rẹ ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ ìwé yìí o! Olùkọ́ wa nílé ìwé àgbà ní kò sí ẹni tó ń kọ̀wé gún tó mi. Ọkọ rẹ ló ní kí n bá òun kọ ọ́.

Ara wa le. Ayùn tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ ló gbó, ni mo bá ní màá ra òmíràn fún un. Ó ní kí n lọ sọ́dọ̀ bàbá tó ń ta irinṣẹ́ àlòkù, tó máa ń fa èkù ayùn wò kó tó tà á. Èmi, kí n ra àlòkù fún ọmọ mi? Ṣọ́ọ̀bù ńlá ni mo wọ̀.

Ọmọ tó ń tajà ní, "Màmá, ẹ wo bó ṣe ń dán!"

Mo ní, "Ìwọ náà ń dán." A jọ rẹ́rìn-ín, mo sì rà á.

Lọ́jọ́ kẹta, èkù rẹ̀ ṣẹ́, ọwọ́ ọ̀tún ọkọ rẹ sì bọ́ sórí eyín ayùn. Má fòyà. Ojú ọgbẹ́ ti jinná, ó ń fi òsì jẹun dáadáa. Àwọn ìka náà ni kò tíì ká. Ọ̀gá rẹ̀ ṣeun, ó ní kó ṣì máa bá àwọn gbálẹ̀ ibi iṣẹ́.

Kò bá mi wí rárá. Ì bá sàn kó bá mi wí.

Kí àwọn ọmọ-ọmọ mi. Àpótí ìjókòó tí bàbá wọn ṣèlérí fún àbúrò wọn, bá mi ra ti ọjà fún un. Kó o tó rà á, jókòó lé e wò.

Ìyá ọkọ rẹ