Ọ̀pá Agbálùmọ̀ Inú Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé

Bàbá mi tí mi ò fẹ́ bá ẹnikẹ́ni pín,

Inú ń bí mi ni mo fi jókòó kọ̀wé yìí. Ẹ ò sí níbí mọ́ láti bá mi wí, àmọ́ ó wù mí kí ẹ bá mi wí.

Kóòtù ìbílẹ̀ tí ẹ ti ṣe akódà títí irun yín fi funfun ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Láti ìgbà tí wọ́n ti kó àwọn adájọ́ lọ sí ilé tuntun ni ibẹ̀ ti dá páropáro, ewúrẹ́ ló ń sùn níbẹ̀. Ọdún tó kọjá ni àwọn àgbà ìlú ní kí wọ́n kùn ún, kí ìdílé kọ̀ọ̀kan sì mú ohun àtijọ́ kan wá. Ibi tí àwọn ẹlẹ́jọ́ ń dúró sí tẹ́lẹ̀, àpótí onígíláàsì ló wà níbẹ̀ báyìí. Ẹ wá wo ohun tó wà nínú èyí tó tóbi jù: ọ̀pá yín!

Bọ̀dá, àkọ́bí yín, ló mú un lọ. Ẹ ò kúkú sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń pín ogún yín. Ìdí-igi ni wọ́n fi pín in: àwọn ọmọ Ìyá Àgbà, ìyálé ìyá mi, kọ́kọ́ mú, èmi nìkan ṣoṣo tí ìyá mi bí fún yín ló mú kẹ́yìn. Bọ̀dá nawọ́ sí ọ̀pá ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yàrá yín. Aago ògiri tí kì í ṣiṣẹ́ ló kàn mí. Mo sunkún títí ojú mi fi wú, gbogbo wọn rò pé ẹ̀yin ni mò ń sunkún. Irọ́ ni o, ọ̀pá ni.

Wọ́n wá lẹ ìwé mọ́ gíláàsì pé ọ̀pá àṣẹ akódà ni, pé ẹnu rẹ̀ tó là sí méjì yẹn lẹ fi ń há ọrùn olè mọ́ ògiri. Orúkọ Bọ̀dá wà lábẹ́ rẹ̀ gàdàgbà! Olè wo, Bàbá? Ọ̀pá àṣẹ yín, ìjọba gbà á padà lọ́jọ́ tí ẹ fẹ̀yìn tì. Èyí tí ẹ fi ń já agbálùmọ̀ fún mi nìyẹn!

Ṣé ẹ rántí? Èmi ni mo máa ń gbé ìkọ́kọrẹ́ wá fún yín lọ́sàn-án. Bí adájọ́ bá ti dìde, ẹ ó bọ́ fìlà, ẹ ó fi ẹnu ọ̀pá yẹn mú ọrùn agbálùmọ̀ lórí igi ẹ̀yìn kóòtù, ẹ ó lọ́ ọ díẹ̀, á já. Gbogbo ayé ń ṣa èyí tó bọ́ sílẹ̀, ẹ̀yin ní èyí tó bọ́ ti fọ́, kò yẹ ọmọ yín. Ó máa ń kan mí lẹ́nu, mo sì ń purọ́ pé ó dùn.

Gbogbo ọjọ́ Sátidé ni mò ń wọkọ̀ láti Odògbolú, níbi tí mo ti ń ṣe tíṣà, lọ wò ó. Bí ẹnì kan bá dúró pẹ́ níwájú rẹ̀, ara mi á máa gbóná bí ẹni pé ọkọ mi ló ń wò.

Sátidé tó kọjá, Bọ̀dá kó àwọn àna wọn wá láti Èkó. Bọ̀dá ń ṣàlàyé fún wọn bí ẹ ṣe ń mú olè, wọ́n tún ń fọwọ́ ṣe é! Nígbà tí àwọn àna jáde lọ ya fọ́tò, Bọ̀dá ò tẹ̀ lé wọn. Bọ̀dá gbọ́wọ́ lé gíláàsì. Wọ́n ní láti kékeré tí ẹ ti fi àwọn sọ́dọ̀ àbúrò yín ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ nítorí ilé ìwé, àwọn ò dé ibi iṣẹ́ yín rí, pé ó ti ń jẹ àwọn lọ́kàn pé èmi ni mo mọ̀ yín níbẹ̀. Wọ́n ní kí n sọ ohunkóhun tí mo bá rántí nípa ọ̀pá náà fún àwọn, bó ti wù kó kéré mọ. Ojú wọn pọ́n.

Bàbá, ọ̀rọ̀ ti dé ẹnu mi. Mo gbé e mì. Mo ní mi ò rántí nǹkan kan, pé ọmọdé ni mí nígbà náà. Wọ́n fọwọ́ kàn mí léjìká, wọ́n jáde.

Ẹ bínú sí mi tí ẹ bá fẹ́. Ó ń dùn mí pé mo purọ́ fún wọn, síbẹ̀ bí wọ́n bá tún bi mí lọ́la, mi ò ní sọ. Wọ́n ti gba ọ̀pá.

Èmi ọmọ yín,
tó fẹ́ràn yín ju gbogbo wọn lọ.