Mágínẹ́ẹ̀tì Já Bọ́ Lára Mọ́tò Dádì

Sátidé, ìrọ̀lẹ́

Mo ń fọ mọ́tò Dádì lónìí nítorí ṣóò mọ́tò àtijọ́ tó ń bọ̀ ní pápá Plumstead Common, ni mo bá rí i tí ọ̀dà pupa ìlẹ̀kùn rẹ̀ wú bí ibi tí ẹ̀fọn jẹ.

Mo gbé mágínẹ́ẹ̀tì lé e. Ó já bọ́. Mo tún gbé e lé e, ó tún já bọ́. Kò sí irin níbẹ̀! Fíílà tó dà bí amọ̀ lásán ni wọ́n fi dí ihò ìpẹtà, tí wọ́n wá kun ọ̀dà lé e lórí.

Uncle Lásún, ọ̀rẹ́ Dádì láti kékeré! Àwọn ló tún mọ́tò náà ṣe. Lọ́jọ́ tí mo lọ gbà á lọ́wọ́ wọn, wọ́n fọwọ́ sọ̀yà pé àwọn ti gé gbogbo ibi tó dípẹtà, àwọn sì ti jó irin tuntun sí i. Mágínẹ́ẹ̀tì yìí wà lápò mi lọ́jọ́ náà. Ojú tì mí láti yọ ọ́. Ta ló ń yẹ iṣẹ́ àgbà wò lójú àgbà?

Mo pè wọ́n. Wọn ò tiẹ̀ sẹ́.

"Ṣé kò dán ni? Ta ló fẹ́ wo abẹ́ ẹ̀?"

"Uncle, mọ́tò Dádì mi ni."

"Dádì ẹ ti lọ. Wọn ò lè rí i mọ́."

Mo kàn pa fóònù. Ọṣẹ ti gbẹ mọ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì.

Lọ́jọ́ tí a sin Dádì, Uncle ló sunkún ju gbogbo wa lọ. Èmi ni mo dì wọ́n mú kí wọ́n má ṣubú.

Ẹkún yẹn náà, mi ò yẹ̀ ẹ́ wò.