Ìbọn Tó Bá Ọwọ́ Kan Mu

Ilé Haugen,
Àfonífojì Lemhi, Idaho.
Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kẹwàá.

Orrin, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ o, mo kí ọ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo gbà á ládùúrà pé kí lẹ́tà yìí bá ọ nínú ìlera, kó bá ọ lórí ìjókòó, kí kọfí sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, torí ọ̀rọ̀ mi máa gùn díẹ̀. Tèmi, ara mi yá gágá. Eyín kan ló ń dà mí láàmú, mo sì ti ní kí wọ́n fà á dànù. Òtútù ti wọlé, koríko ti kún abà, àwọn màlúù ti sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè. A dúpẹ́.

Kí n tó lọ jìnnà, jẹ́ kí n sọ ohun tí mò ń wá, kó o má baà máa fura sí mi. Mo fẹ́ kó o wálé, ká jọ ṣọdẹ àgbọ̀nrín kí àkókò ọdẹ tó parí lọ́jọ́ kẹwàá oṣù tó ń bọ̀. Ọdún mẹ́rin rèé tó o ti kó lọ sí Tacoma, káàdì Kérésìmesì lásán ni mò ń rí. Má tíì sọ pé o ò wá o. Kà á dé ìparí ná.

O mọ̀ pé látìgbà tí ẹ̀rọ tó ń di koríko ti gba ọwọ́ òsì mi lọ dé ìgbúnwọ́, mi ò ṣọdẹ mọ́. Mo gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan. Mo gbé ẹnu ìbọn gígùn tí Bàbá fún mi lé igi ọgbà, ó yọ̀, ó bọ́ sínú ẹrẹ̀. Mo jókòó tì í nínú ẹrẹ̀ náà, mo sunkún bí ọmọdé. Látọjọ́ yẹn, tí oṣù kẹwàá bá ti dé, ńṣe ni mo máa ń ti gbogbo fèrèsé tó kọjú sí òkè, kí n má baà gbúròó ìbọn àwọn aládùúgbò.

Nígbà tó wá di oṣù kẹrin ọdún yìí, inú mi kàn ru. Mo ní, ọwọ́ kan ló lọ, ọ̀kan ṣì kù, ìbọn ìléwọ́ sì wà láyé. Mo kó sínú píkọ́ọ̀pù, ó di ṣọ́ọ̀bù ìbọn Clell Rudd, ọmọ tí mo máa ń fi bọ́ọ̀sì gbé lọ sílé ìwé. Mo ní, “Clell, mo fẹ́ ìbọn ìléwọ́ tó lè pa àgbọ̀nrín, tí mo sì lè máa fi ta àmì ní pápá.” Ǹjẹ́ o mọ ohun tí ọmọ yẹn gbé jáde? Ìbọn kékeré kan bí ohun ìṣeré, èèkù rẹ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́ bíi ṣingọ́ọ̀mù. Ó ní, “Àǹtí Ardis, èyí ò wúwo, ó máa bá yín lára mu.” Orí mi gbóná. Mo ní, “Clell, mo ti nu ikun nímú ẹ rí o! Dá ìyẹn padà síbi tó o ti rí i, kó o gbé èyí tó tóbi jù nínú ilé yìí wá.”

Ó gbé e wá o. Nọ́ńbà 500 ni wọ́n ń pè é, ọmọńdinrín mi fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ ihò ẹnu rẹ̀. Clell tẹ̀lé mi lọ sí pápá ìyìnbọn tó wà lẹ́yìn ìlú, ó ń bẹ̀ mí lójú ọ̀nà pé kí n jẹ́ ká fi ọta tó rọ̀ díẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Mo ní kó gbẹ́nu dákẹ́. Ọta kan ṣoṣo ló fi sí i, ó gbọ́n jù mí lọ lọ́jọ́ yẹn. Mo na apá, mo wa eyín pọ̀, mo fà á. Orrin, mi ò rí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ohun tí mo kàn mọ̀ ni pé fìlà mi ti wà nílẹ̀, ẹnu ìbọn ti kọjú sọ́run, irin rẹ̀ sì fi ìbú ìka kan péré ré iwájú orí mi kọjá. Clell la ẹnu sílẹ̀, kò lè pa á dé.

Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn mi: “Ìyá, ṣé àgbọ̀nrín lẹ fẹ́ pa ni, àbí ara yín?” Bàbá Evaristo Munguía ni, ará Chihuahua tó máa ń tún katakata ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ afárá, òun ló ń mójú tó pápá náà. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu ẹ̀ mú bí abẹ. Mo dá a lóhùn pé, “Èyí tó bá kọ́kọ́ kú nínú àwa méjèèjì náà ni.” Ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní kí n wá jókòó.

Ó fi àwọn ẹranko rẹ̀ hàn mí. Irin pẹlẹbẹ ni wọ́n, wọ́n gé wọn ní àwòrán ẹranko, wọ́n sì tò wọ́n jìnnà síra: adìẹ ní àádọ́ta mítà, ẹlẹ́dẹ̀ ní ọgọ́rùn-ún, tòlótòló ní àádọ́jọ, àgbò ní igba. Òfin ibẹ̀ ni pé ẹranko gbọ́dọ̀ ṣubú. Bí ọta bà á, tó kàn mì, tó sì dúró, òfo ni. Bàbá Evaristo ní, “Tí ẹ bá fi ìbọn kékeré ta àgbò, àgbò á kàn máa wò yín ni. Èyí tó tóbi jù á gbé àgbò ṣubú, á sì gbé ẹ̀yin náà ṣubú. Èyí tó wà láàárín ni kẹ́ ẹ yàn. Ìbọn tó bá ń dẹ́rù bà yín, inú àpótí lẹ máa fi sí, ẹ ò sì ní mọ̀ ọ́n lò láéláé.” Mo gbọ́, mo sì gbà, èyí tí kì í ṣe ìwà mi.

Lẹ́yìn náà ni bàbá arúgbó yìí fẹ̀yìn lélẹ̀ gbalaja nínú eruku. Ó ká orúnkún sókè, ó gbé ìbọn ti ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó ki ọwọ́ òsì bọ ẹ̀yìn orí, ó sì yìnbọn. Gbòà! Ó ṣe díẹ̀, a gbọ́ “kàn-án”, àgbò igba mítà ti wó lulẹ̀. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, bí gbogbo wọn ṣe ń dùbúlẹ̀ yìnbọn nìyẹn, tọkùnrin tobìnrin. Mo bi í pé, “Bàbá, ọwọ́ òsì yín ńkọ́? Kí ló ń ṣe níbẹ̀ yẹn?” Ó ní, “Orí mi ló ń gbé dúró. Ẹni tó bá ní ìrọ̀rí ò nílò ẹ̀.” Orrin! Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi ń dà lójú mi. Ọdún mẹ́rin ni mo ti ń ka ohun tí ọwọ́ òsì ò lè bá mi ṣe mọ́, mi ò mọ̀ pé eré kan wà láyé tó jẹ́ pé ìrọ̀rí lásán ni wọ́n ń fi ọwọ́ òsì ṣe.

Bàbá Evaristo yá mi ní ìbọn tirẹ̀, èmi náà dùbúlẹ̀. Ó ní kí n dúró kí òun mú awọ tí mo máa so mọ́ ẹsẹ̀ wá. Mi ò dúró, o mọ̀ mí. Irú ìbọn báyìí, ilé ọta rẹ̀ máa ń yí ni, àlàfo tín-ínrín kan sì wà níbi tó ti pàdé ọ̀pá ìbọn. Iná máa ń tú jáde níbẹ̀. Mo yìnbọn, nǹkan sì ṣán mi lẹ́sẹ̀ gbàù. Mo gbé ìbọn kalẹ̀ jẹ́jẹ́, ìyẹn ni mo fi mọ̀ pé orí mi ṣì pé, mo wá fò dìde, mo ń jó kiri pápá: “Ejò! Ejò ti bù mí jẹ o!” Bàbá Evaristo di ikùn mú, kò lè dìde nílẹ̀. “Ìyá, ìbọn yín ló jẹ ṣòkòtò yín o!” Lóòótọ́, jíìnsì mi ti lu. Nígbà tí mo délé, mo gé awọ bàtà bàbá wa àtijọ́, mo ń so ó mọ́ ẹsẹ̀ látìgbà náà.

Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni mo fi wà ní pápá, tí wọ́n ń yá mi ní ìbọn lóríṣiríṣi. Nọ́ńbà 357 dùn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọta mi ba àgbò, tó mirí, tó dúró. Nọ́ńbà 454 wó àgbò lóòótọ́, àmọ́ ọrùn ọwọ́ mi wú fún ọjọ́ méjì, mi ò lè ṣí ìdérí ìgò. Ìgbà tí mo wá gbé nọ́ńbà 44 kan, ọ̀pá rẹ̀ gùn ní ínǹṣì méje àbọ̀, èèkù rẹ̀ tẹ̀ díẹ̀, mo mọ̀ pé mo ti délé. Tó bá dún, kì í gbá mi lọ́wọ́. Ńṣe ló ń yí sókè nínú àtẹ́lẹwọ́ mi, òòlù kékeré ẹ̀yìn rẹ̀ tó ń lu ọta á wá bá àtàǹpàkò mi fúnra rẹ̀, mo sì máa fà á fún ọta tó kàn. Tí mo bá fẹ́ ki ọta, mo máa fi orúnkún méjèèjì dì í mú, mo máa ki í lọ́kọ̀ọ̀kan. Clell ló tà á fún mi. Ó ní, “Àǹtí, ẹ dárí ìbọn pupa yẹn jì mí.” Mo ní mo ti dárí jì í, ṣùgbọ́n mi ò ní gbàgbé. Nígbà ìdíje oṣù kẹjọ, mo wó àgbò mẹ́fà nínú mẹ́wàá. Bàbá Evaristo wó méje, kò sì tíì sinmi yíyangàn títí di òní.

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, èmi nìkan gun òkè Withrow, níbi tí bàbá wa máa ń kó àwa méjèèjì lọ. Mo ká kóòtù mi sábẹ́ orí, mo so awọ mọ́ ẹsẹ̀, mo dùbúlẹ̀ sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, mo dákẹ́ jẹ́ẹ́. Oòrùn ti yọ dáadáa kí akọ àgbọ̀nrín kan tó jáde láàárín igi, ìwo rẹ̀ ní ẹ̀ka mẹ́rin lápá kọ̀ọ̀kan, kò ju àádọ́rin ìṣísẹ̀ lọ. Mo dúró títí ó fi yí ẹ̀gbẹ́ sí mi. Mo yìnbọn. Ó sáré bí ogún ìṣísẹ̀, ó wólẹ̀, kò jìyà rárá. Inú mi dùn débi pé mo fò sókè, mo kígbe: “Orrin! Mo pa á o! Orrin!” Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo tó rántí pé o ò sí níbẹ̀.

Iṣẹ́ wá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Mo fẹ́ la ikùn rẹ̀, tí mo bá gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn sókè, tí mo sì mú ọ̀bẹ, ẹsẹ̀ á padà wálẹ̀. Ìwọ lo máa ń di ẹsẹ̀ yẹn mú, tó o máa ń ṣe yẹ̀yẹ́ mi pé mo ń pẹ́ jù. Mo fi bàtà tẹ̀ ẹ́, mo fi eyín fa okùn, mo ṣe é ṣá. Wákàtí mẹ́rin ni mo fi wọ́ ọ dé ibi tí ọkọ̀ wà. Ọwọ́ kan kì í gbé ẹrù dórí: mo ti ń sọ ọ́ lẹ́nu lásán láti kékeré, ọjọ́ yẹn ni mo gbọ́ ọ yé.

Bí mo ṣe ń wọ́ ẹran yẹn ni mo pinnu pé mo gbọ́dọ̀ sọ ohun tí mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìwọ lo wà lórí katakata lọ́jọ́ náà, o sì gbà pé ẹ̀bi rẹ ni. Orrin, kì í ṣe ẹ̀bi rẹ. Koríko há sẹ́nu ẹ̀rọ, mo rí i pé iwájú lò ń wò, mo ní kí n kàn yọ ọ́ kíá. Mi ò pè ọ́. Mi ò ní kó o pa ẹ̀rọ, bẹ́ẹ̀ bàbá wa kìlọ̀ fún wa títí ẹnu fi bó o. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi fà á. Nílé ìwòsàn, ò ń sunkún pé, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dárí jì mí,” mo kọjú sí ògiri, mo dákẹ́. Ojú ń tì mí, inú sì ń bí mi, mo fẹ́ kí ẹlòmíràn bá mi jẹ nínú ìyà náà. Mo jẹ́ kó o gbé ẹ̀bi mi lọ sí Tacoma. Èmi ni mo ń bẹ̀ ọ́ báyìí, àbúrò mi. Dárí jì mí.

Ẹran wà nílẹ̀, ó pọ̀ ju ohun tí èmi nìkan lè jẹ lọ. Yàrá rẹ wà bó ṣe wà. Gbé ìbọn gígùn rẹ bọ̀, èmi á gbé tèmi. Ẹni tó bá kọ́kọ́ pa, ẹnì kejì á gbọ́únjẹ. Bàbá Evaristo ní òun fẹ́ rí ẹni tí mo ń ké orúkọ rẹ̀ lórí òkè.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ ọ lójú ọ̀nà, kó mú ẹsẹ̀ rẹ fúyẹ́, kó má jẹ́ kí yìnyín ká ọ mọ́ orí òkè. Ayọ̀ ni a óò fi fojú kan ara wa.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ kan ṣoṣo,
Ardis.

Ó ku díẹ̀: Má kọ lẹ́tà fèsì, ẹsẹ̀ ni kó o fi fèsì. Tó o bá dé, ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ni kó o gbà. Ajá kan wà níwájú, ọmọ ọdún mẹ́ta ni. Ajá ilé wa ni, kò sì mọ̀ ọ́.