Má Ya Ọ̀nà Ilé Wa, Rán An

Bẹyẹrúnkà, Ìbàdàn

Sí ọmọ mi Gàfárù Àdìgún, ẹni tí ó jókòó sí Èkó tí ó ń fi gègé ya àwòrán ilẹ̀ fún ìjọba,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú àárò wa. Ìyá rẹ Àtọ́kẹ́ kí ọ, ó ní kí n kí ọ lẹ́ẹ̀kejì, mo sì ti kí ọ lẹ́ẹ̀kejì báyìí. Omi ọ̀sà kò ní gbé ọ lọ. O kò ní fi ẹsẹ̀ kọ níbi tí kò sí ẹni tí yóò wí pé pẹ̀lẹ́. Àmín.

Má ṣe máa bi ara rẹ pé ta ni ó bá mi kọ ìwé yìí. Ọwọ́ mi ni. Nígbà tí mo ń rán bàtà fún olùkọ́ kan ní Kúdẹtì, ó ní òun kò lówó, mo ní kí ó kọ́ mi ní A B D dípò owó. Bí mo ti ń rán bàtà ni ó ń kọ́ mi, ọjọ́ tí bàtà parí ni ìwé mi náà parí. Ká ní bàtà tó dé orúnkún ni ó ní kí n rán ni, èmi ni ìbá jẹ́ akọ̀wé ìjọba lónìí.

Ilé dára. Èmi tí mo wọ Ìbàdàn pẹ̀lú ọ̀bẹ kan àti abẹ́rẹ́ kan, tí mo ń sùn sí abẹ́ àtíbàbà ní Ọjà'ba, èmi náà ni àwọn ìjòyè ń ránṣẹ́ sí nísinsìnyí pé bàtà àwọn já. Mo dúpẹ́, n kò yangàn, mo kàn ní kí o mọ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ tí ó mú mi kọ ìwé ni èyí tí o kọ sí wa kẹ́yìn. O ní ìwọ àti Kúbúrá ìyàwó rẹ ìbá ti gbé Sìdí ọmọ yín wá kí a fojú kàn án, ṣùgbọ́n ọ̀nà kò dára. O ní nínú àwòrán tí ẹ̀ ń yà, ọ̀nà dára láti ìdíkọ̀ rélùwéè dé Òkè Màpó, àmọ́ láti ibẹ̀ dé ilé wa kì í ṣe ọ̀nà gidi, ọ̀nà ẹsẹ̀ lásán ni. O ní bí wọ́n bá ṣe é tán ẹ ó wá. Mo ka ọ̀rọ̀ náà fún ìyá rẹ. Ó mú ìgbálẹ̀, ó lọ gbá ọ̀nà náà.

Gàfárù, ṣé a máa ń fi ọ̀rọ̀ ọ̀nà lọ oníbàtà? Mo pe àwọn ọmọ iṣẹ́ mi, a kó àpáàdì, a kó èèpo ẹkùrọ́, a gún wọn, a tẹ́ wọn láti ẹnu ọ̀nà àgbàlá wa títí dé ibi tí òkúta ìjọba ti bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ Màpó. Ó ń dán bí ìpẹ́ ẹja. Màmúdù oníyọ̀, ará Ọ̀rányàn, ń kọjá, ó ní ṣé mo fẹ́ gbé ìyàwó tuntun ni. Mo ní rárá o, ọmọ mi ni mo fẹ́ gbé wálé.

Mo wá lọ bá awọnlẹ̀ kan, ọmọ Ẹ̀gbá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Màpó. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i, ẹ̀wọ̀n gígùn ni òun àti èkejì rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀, mo sì rò pé ẹlẹ́wọ̀n ni wọ́n, mo fún wọn lóbì, mo ṣàdúrà kí Ọlọ́run tú wọn sílẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní Bàbá, ilẹ̀ ni àwọn fi ń wọ̀n. Mo ní kò burú, kí ó wá wọn tèmi. Ó tẹ̀ lé mi wálé, ó wo ọ̀nà mi, ó wo ìwé rẹ̀, ó tún wo ọ̀nà. Ó ní oríṣi ọ̀nà mẹ́ta ni àwọn mọ̀: ọ̀nà olókùúta tí kẹ̀kẹ́ ẹrù ń gbà tòjò tẹ̀ẹ̀rùn, ọ̀nà ilẹ̀ pupa tí kẹ̀kẹ́ ń gbà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn nìkan, àti ọ̀nà ẹsẹ̀. Ó ní àpáàdì kì í ṣe òkúta, kì í sì í ṣe erùpẹ̀, òun kò mọ ibi tí òun yóò fi sí. Ó bi mí bóyá kẹ̀kẹ́ ẹrù lè gba ibẹ̀. Mo ní kí ni kẹ̀kẹ́ ẹrù ń wá nílé mi, ṣé bàtà ni yóò rà ni? Ohun tí kò ní ẹsẹ̀, kí ló kàn án nínú ọ̀rọ̀ ọ̀nà?

Mo wá là á lóye, nítorí kò sí ẹni tó mọ ọ̀nà tó ẹni tí ń tún bàtà ṣe. Mo ní ọ̀nà olókùúta yín yẹn, ajẹbàtà ni. Bí ènìyàn bá fi oṣù kan gbà á lọ gbà á bọ̀, bàtà rẹ̀ á wá sùn nílé mi, òun ni ó sì jẹ́ kí n fi páànù bo ilé. Ọ̀nà ilẹ̀ pupa, ajíbàtà ni. Bí òjò bá ti rọ̀, á bọ́ ọ lẹ́sẹ̀ ẹni, á fi í pamọ́ sínú ẹrọ̀fọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà wa kò jẹ bàtà ẹnikẹ́ni rí, kò sì jí ti ẹnikẹ́ni, nítorí gbogbo ẹni tó ń gbà á, ilé ló ń lọ, wọn a bọ́ bàtà sọ́wọ́. Mo ní kí ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Kò kọ ọ́.

Ó wá tẹ́ àwòrán náà fún mi lórí awọ tí mò ń gé lọ́wọ́. Ọmọ mi, mo fi ìka tọ ọ̀nà lórí rẹ̀. Ọ̀nà tó ti ìdíkọ̀ rélùwéè wá, ìlà gbọọrọ dúdú ni, kò dá níbì kankan. Ọ̀nà ilé wa, àmì tótòtó, tótòtó, títí dé ẹnu ọ̀nà. Ìwọ náà mọ ohun tí mo rí, ẹ̀gbẹ́ itan mi ni o ti kọ́ ọ kí o tó mọ A. Níbi tí a bá fa ìlà gbọọrọ sí lára awọ, ibẹ̀ ni ọ̀bẹ yóò gbà. Níbi tí a bá to àmì tótòtó sí, ibẹ̀ ni abẹ́rẹ́ yóò gbà. Ìjọba fẹ́ gé Ìbàdàn láti ìdíkọ̀ rélùwéè dé Màpó, kí wọ́n wá rán an lẹ́nu ọ̀nà ilé wa! Mo bi awọnlẹ̀ pé ọjọ́ wo ni gígé náà, kí n lè tètè kó awọ mi tó wà nísàlẹ̀ Màpó kúrò nínú oòrùn. Ó ní Bàbá, kò sí ẹni tí yóò gé nǹkan kan. Ó dá mi lójú pé wọ́n ti kìlọ̀ fún un kí ó má sọ.

Nígbà tí ó lọ tán, mo jókòó ti iṣẹ́ mi, mo gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Mo rántí pé ọ̀nà gbọọrọ yẹn gan-an ni o gbà lọ. Mo sìn ọ́ dé ìdíkọ̀, bàtà tuntun tí mo rán fún ọ ń ké lórí òkúta, o kò bojú wẹ̀yìn nítorí ọkọ̀ ni ò ń wò. Òtítọ́ ni awọnlẹ̀ sọ. Wọn kò ní gé nǹkan kan mọ́. Wọ́n ti gé e.

Lọ́dọọdún ni mò ń rán bàtà fún Sìdí. N kò mọ ẹsẹ̀ rẹ̀, tìrẹ ni mo ń rántí, bí ó ti rí nígbà tí o wà ní ọjọ́ orí rẹ̀, ìyẹn ni mo fi ń gé e. Mo gbé wọn kọ́ sára ògiri, kékeré nísàlẹ̀, èyí tó tóbi díẹ̀ lókè rẹ̀, òmíràn lókè ìyẹn, bí ìgbà tí ọmọ kan ń rìn gun ògiri lọ. Àwọn oníbàárà fẹ́ rà wọ́n. Mo ní wọ́n ti ní ẹlẹ́sẹ̀.

Nítorí náà mo yí ọ̀rọ̀ mi padà. Tẹ́lẹ̀, mo fẹ́ bẹ̀ ọ́ kí o fi gègé rẹ fa ìlà gbọọrọ sí ọ̀nà wa, kí Màmúdù tí ìlà gbọọrọ kọjá lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ lè yé fọ́nnu sí mi. Má fà á mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń ya àwòrán, ẹ rántí pé bí a ti ń ya àwòrán náà ni a ń ya awọ. Jẹ́ kó wà ní tótòtó. Ojú rírán ni, ẹsẹ̀ ènìyàn ni abẹ́rẹ́ rẹ̀. Ìyá rẹ ti ń rán an láti ọ̀dọ̀ wa, ní àràárọ̀ ni ó ń rìn dé ìsàlẹ̀ Màpó tí ó sì ń padà, ó ní ọjà lòun ń lọ, bẹ́ẹ̀ ni kò gbé igbá. Ṣùgbọ́n o mọ̀ pé abẹ́rẹ́ kan kì í mú awọ tó nípọn. Èyí á ti ìhín wá, èyí á ti ọ̀hún wá, kí wọ́n pàdé nínú ihò kan náà.

Bá mi wá owó díẹ̀. Kì í ṣe pé n kò ní, gbogbo ìlú mọ̀ pé mo ní. Awọ bàtà Sìdí tó kàn ni mo fẹ́ fi rà, kí ọmọ náà lè wí pé bàbá òun ló ra awọ, bàbá àgbà ló rán an. Má fi ránṣẹ́ nípa ilé ìfìwéránṣẹ́, n kò mọ ìdílé ẹni tí orí rẹ̀ wà lára sítáǹbù tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ìwé. So ó mọ́ etí aṣọ Sìdí, kí ó gbé e wá fúnra rẹ̀.

Bí ẹ bá dé ìsàlẹ̀ Màpó, ẹ bọ́ bàtà. Má gbé ọmọ náà pọ̀n, má gbé e kọ́ èjìká, jẹ́ kí ó rìn. Màá dúró lẹ́nu ọ̀nà, màá máa gbọ́ àpáàdì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kéré, ojú rírán tó kéré ni kì í tú.

Ọlọ́run tí ó mọ ọ̀nà tí a kò yà sínú ìwé yóò sìn yín dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹ ó bá wa láyé. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ, Yésúfù Oníbàtà, ẹni tí okùn bàtà rẹ̀ kò já lójú agbo rí.

Ìyá rẹ ní kí n kí ọ lẹ́ẹ̀kẹta. Ó ti tún mú ìgbálẹ̀.