Ẹ̀rọ Wa Kò Bàjẹ́ Rárá

                                                  Ojúlé Kejìlá,
                                                  Ẹ̀yìn Ilé Ìwòsàn.
                                                  Ọjọ́ Kẹtàdínlógún, Oṣù Kẹsàn-án.

Jẹ́jẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Báwo ni o? Ara ńkọ́, ṣé ó le? Orúnkún òsì tó ń dùn ọ́ yẹn ńkọ́, ṣé o ṣì ń fi omi gbígbóná jó o, àbí o ti ń ṣe bí ẹni tí nǹkan kan ò ṣe? Ọmọ rẹ ńkọ́? Ìyàwó rẹ̀ ńkọ́? Ọmọ ọwọ́ tí o lọ bá wọn gbé ńkọ́? Mo gbọ́ pé ó ti ń rá káàkiri ilé, ó ń fa aṣọ orí tábìlì. Ẹ kú ìtọ́jú o. Àwa náà wà níbí, a ò gbọ́ búburú. Kò sí ohun tó ń ṣe mí, àfi ẹnu mi tí kò rí ẹni bá sọ̀rọ̀ mọ́, o sì mọ ohun tí ìyẹn lè dá sílẹ̀ lára ẹni tí ìwọ fúnra rẹ sọ ní Aláriwo.

Mo ní nǹkan kan tí mo fẹ́ jẹ́wọ́ fún ọ. Jọ̀ọ́, jókòó kí o tó kà á. Ẹ̀rọ wa tó ń fa afẹ́fẹ́ kúrò nínú ọ̀rá oúnjẹ, tó sì ń lẹ ẹnu ọ̀rá pọ̀, kò bàjẹ́. Kò fìgbà kan bàjẹ́. Irọ́ ni mo pa. Nígbà tí o rán dírẹ́bà tí gbogbo wa ń pè ní Kánmọ́kánmọ́ sí mi lóṣù tó kọjá pé kí n di ẹ̀rọ náà kó gbé e wá bá ọ, mo wojú rẹ̀ kòrókòró, mo ní ó ti bàjẹ́, ó wà lọ́dọ̀ atúnẹ̀rọṣe. Ẹ̀rọ ọ̀hún sì wà lẹ́yìn mi lórí tábìlì, mo ti fi aṣọ ìnuwọ́ bò ó. Nígbà tó tún wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, mo ní atúnẹ̀rọṣe rìnrìn àjò. Ẹ̀ẹ̀kẹta ló wá sọ pé o ti bá atúnẹ̀rọṣe mìíràn sọ̀rọ̀ lọ́dọ̀ yín, pé kí n gbé e wá bó ṣe wà. Irọ́ tán lẹ́nu mi lọ́jọ́ yẹn. Mo ní orí ń fọ́ mi, mo sì tilẹ̀kùn.

Kì í ṣe pé mo fẹ́ gbẹ́sẹ̀ lé e. Àwa méjèèjì la jọ rà á, mi ò gbàgbé. Ohun tó dùn mí ni pé oṣù mẹ́ta lo sọ fún mi. O ní o kàn fẹ́ lọ bá ìyàwó ọmọ rẹ gbé ọmọ títí yóò fi padà síbi iṣẹ́ ni. Oṣù kẹjọ rèé. Bí o bá ṣì ń bọ̀ wálé, kí lo fẹ́ fi ẹ̀rọ ṣe níbẹ̀? Ìbéèrè yìí ni mo ń bi ara mi ṣáá láti ọjọ́ tí Kánmọ́kánmọ́ ti jíṣẹ́ rẹ. Mo mọ̀ pé bí ẹ̀rọ yẹn bá fi lè jáde nílé yìí, o ò padà wá mọ́ nìyẹn. Ìdí tí mo fi parọ́ nìyẹn.

Ṣé o rántí bí a ṣe bẹ̀rẹ̀? Búrẹ́dì la kọ́kọ́ fi dán an wò. Ó fa afẹ́fẹ́ rẹ̀ títí búrẹ́dì fi di pẹlẹbẹ, tí aránṣọ ojúlé kejì fi ń bi wá bóyá sálúbàtà la rà. Lọ́jọ́ kejì, a da ọbẹ̀ tó ṣì lọ́wọ́ọ́rọ́ sínú ọ̀rá, ẹ̀rọ bá fa ọbẹ̀ mu. Odindi ọjọ́ kan la fi ń fi òwú nu inú rẹ̀, tí ìwọ ń bẹ̀ mí pé kí n yé bú ẹ̀rọ. Ìwọ náà lo wá ronú kan pé ká máa ká ẹnu ọ̀rá síta bí ẹni ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò, kí ọbẹ̀ má baà kan etí rẹ̀, ká sì kọ́kọ́ gbé e sí fírísà kó dì ká tó gbé e sẹ́nu ẹ̀rọ. Láti ọjọ́ náà, iṣẹ́ wa ń lọ geere. Ìwọ á di ẹnu ọ̀rá mú, èmi á da ọbẹ̀ sí i. Bó bá ti dì tán, ìwọ á tẹ́ ẹnu rẹ̀ sínú ẹ̀rọ, èmi á fi ọwọ́ méjèèjì tẹ ọmọrí rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí iná pupa á fi kú. Àwọn nọ́ọ̀sì tó ń ra oúnjẹ lọ́wọ́ wa máa ń sọ pé ẹnì kan ṣoṣo ni wá, pé ọwọ́ mẹ́rin ló kàn ní.

Lẹ́yìn tí o lọ, mo pe àwọn mìíràn kí wọ́n wá ràn mí lọ́wọ́. Ìyàwó aránṣọ wá lọ́jọ́ méjì, fóònù ló ń wò. Ọmọbìnrin mi àgbà náà wá, ó fi ìka méjì mú ọ̀rá bí ẹni mú ìrù eku, ó ní kí ọbẹ̀ má ta sóun láṣọ. Mo ní kó máa lọ sílé ọkọ rẹ̀. Mo wá ń dá a ṣe. Mo máa ń ki ọ̀rá bọ inú ife ńlá kó lè dúró, ó sì ń ṣeé ṣe, n ò ní tún parọ́ fún ọ.

Àfi lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá. Mo se ọbẹ̀ adìyẹ, ife ńlá wà nínú omi ìfọbọ́, mo bá fi ọwọ́ òsì di ọ̀rá mú, mo ń fi ọ̀tún bu ọbẹ̀ sí i. Mo ń bá ọ sọ̀rọ̀. Orí mi ò dàrú o, ó ti mọ́ mi lára ni. Nọ́ọ̀sì pupa yẹn ti lóyún, ìyẹn ni mo ń ròyìn fún ọ. Ọ̀rá kún, mo ní, "Ó yá, gbà á," mo sì fi í sílẹ̀. Mo fi í sílẹ̀ pátápátá, bí mo ṣe máa ń ṣe nígbà tí ọwọ́ rẹ bá wà lábẹ́ rẹ̀. Ọbẹ̀ bo ilẹ̀, ó bo ẹsẹ̀ mi, ó ta mọ́ ògiri. Mo dúró, mo ń wo ẹ̀gbẹ́ fèrèsé níbi tí o máa ń dúró sí, ẹkún bá gbọ̀n mí. Mo sunkún gidi, kì í sì í ṣe nítorí ọbẹ̀. Àárò rẹ ń sọ mí, Jẹ́jẹ́. Ó ń sọ mí débi pé oúnjẹ tí mo fi ọwọ́ ara mi sè kò dùn lẹ́nu mi mọ́.

Nígbà tí mo nu ilẹ̀ tán, mo ṣí fírísà láti wá ohun tí n ó jẹ. Ọ̀rá ẹ̀wà kan wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ìwọ lo sè é láàárọ̀ ọjọ́ tí o ń lọ, o sì fi bírò kọ ọ́ sí i lára pé, "Aláriwo, jẹ èyí lọ́la." Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ kejì ìlọ rẹ, mo gbé e jáde lóòótọ́. Mo wá rò ó pé bí mo bá jẹ ẹ́, o ti lọ nìyẹn. Mo dá a padà, mo ní ó di ọ̀la. Oṣù mẹ́jọ ni mo ti ń sọ pé ó di ọ̀la. Ọ̀rá náà ṣì lẹ̀ mọ́ ẹ̀wà típẹ́típẹ́, afẹ́fẹ́ kankan ò wọ̀ ọ́.

Mo gbé ọ̀rá yẹn lé ẹsẹ̀, mo bá ara mi sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Ẹ̀rọ tí mo gbé pamọ́ kò dá ọ padà wá. Bí ọkàn rẹ bá fẹ́ dúró ti ọmọ ọmọ rẹ, n kì í ṣe ẹni tó yẹ kó fi irọ́ dí ọ lọ́wọ́. Mo bá ránṣẹ́ pe Kánmọ́kánmọ́, mo tọrọ àforíjì, mo sì bi í bóyá àyè wà níwájú ọkọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó ní ó wà. Mo ní kó fi sílẹ̀ fún mi. Lẹ́tà yìí ló ń gbé bọ̀ lónìí kí o lè mọ̀ tẹ́lẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀mejì lo ti pè mí pé kí n wá kí ọ tí mo kọ̀, nítorí pé ọkọ̀ máa ń mú mi bì. Ó máa mú mi bì náà ni, ọ̀rá sáà pọ̀ lọ́wọ́ mi.

Orí ẹsẹ̀ mi ni ẹ̀rọ náà yóò wà títí a ó fi dé. Ọ̀sẹ̀ kan péré ni n ó lò. N ó fi kọ́ ìyàwó ọmọ rẹ bí wọ́n ṣe ń da ọbẹ̀ láìta á sí ọ lọ́wọ́, àti bí wọ́n ṣe ń tẹ ọmọrí yẹn títí iná á fi kú, kí o lè rí ẹni bá ọ ṣe é nígbà tí mo bá padà.

Bá mi kí ọmọ rẹ àti ìyàwó rẹ̀. Fi ẹnu ko ọmọ ọwọ́ lẹ́rẹ̀kẹ́ fún mi. Aránṣọ àti ìyàwó rẹ̀ ń kí ọ, àwọn nọ́ọ̀sì ń kí ọ, ọmọ mi náà ń kí ọ bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣì ń bínú sí mi. Ẹ̀wà rẹ yóò wà nínú kúlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ mi, ká lè jọ jẹ ẹ́. Má wulẹ̀ se nǹkan kan dè mí. Omi nìkan ni kí o gbé kaná.

                                                  Èmi tí mo ṣì ń sọ pé "gbà á,"
                                                  Aláriwo rẹ.